Kí Ni A Gbà Nígbà Tí A Tẹ "Mo Gbà"?

Ní oṣù kẹfà ọdún 2014, F-Secure, ilé-iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà kan láti Finland, gbé WiFi ọ̀fẹ́ kalẹ̀ nínú ìlú London láti wo ohun tí àwọn èèyàn yóò ṣe. Wọ́n ki ìlà kan bọ inú òfin tí ẹni tó bá fẹ́ lò ó ní láti fọwọ́ sí: yóò fa àkọ́bí ọmọ rẹ̀ lé ilé-iṣẹ́ náà lọ́wọ́ títí ayé. Èèyàn mẹ́fà gbà. Ní ọdún 2017, ilé-iṣẹ́ Purple ní Manchester dán irú rẹ̀ wò, bí 22,000 èèyàn sì gbà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì pé àwọn yóò fi wákàtí 1,000 ṣiṣẹ́ ìlú, títí kan fífọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló kíyè sí i.

Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ ti àwọn mẹ́fà yẹn yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni yóò ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Àkọ́bí kẹ̀! Ohun tí àwọn kan ń fi ààwẹ̀ àti àdúrà wá, òun ni wọ́n fi ṣe pààrọ̀ ìṣẹ́jú díẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Eré ni wọ́n fi ṣe, wọn kò gba ọmọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mo fura pé púpọ̀ nínú àwa tí a rẹ́rìn-ín ni ì bá ti jẹ́ ẹnì keje.

Ẹ wọ ilé ìkàwé Woolwich Centre ní Wellington Street lọ́sàn-án ọjọ́ iṣẹ́, tàbí ti The Nest ní Thamesmead, ní gúúsù ìlà-oòrùn London. Ẹni tó ń wáṣẹ́ wà níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé tí kò tí ì ní íntánẹ́ẹ̀tì nílé wà níbẹ̀, Yorùbá kì í sì í jìnnà sí etí. Bí a bá fẹ́ lo WiFi ibẹ̀, ojú-ewé kan yóò yọ lórí fóònù, àpótí kékeré yóò wà nísàlẹ̀ rẹ̀, a ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, a ti wọlé nìyẹn. Kò sẹ́ni tó béèrè owó lọ́wọ́ wa. Ọ̀rọ̀ ẹnu wa nìkan ni wọ́n gbà.

Ọ̀rọ̀ ẹnu yìí sì ni Yorùbá kọ́kọ́ fi ń mọ ọmọlúàbí. Ẹni tó bá ní "mo gbà" tó sì yẹ̀ ẹ́, wọn kò ní bi í bóyá ó ka ìwé náà. Àmọ́ kí a má purọ́ fún ara wa: agbẹjọ́rò ló kọ ìwé yẹn, agbẹjọ́rò ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ló sì kọ ọ́ fún. N kò ní bá ẹni tí kò kà á dé ìsàlẹ̀ jà. Ohun tó wúwo níbẹ̀, a ti mọ̀ ọ́n kí a tó jókòó: má wo ìwòkuwò níbi tí ọmọ ọlọ́mọ wà, má jí fíìmù gbà, má tọ pinpin inú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, má lu ẹnikẹ́ni ní jìbìtì. Ìyá wo ni kò ti fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ́ ọmọ rẹ̀ kí WiFi tó dé? Ẹni tó bá ní òun kò ka òfin, ó mọ òfin.

Èyí tó kéré jù lójú wa ni mo rí pé a máa ń ṣẹ̀ jù. WiFi ìlú dà bí ẹ̀rọ omi àdúgbò: bí ẹnì kan bá gbé àgbá ńlá mẹ́fà sídìí rẹ̀, garawa ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ yóò pẹ́ kí ó tó kún. Ẹni tó ń fa eré Nollywood apá kìíní dé apá kẹrin wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lè máà rú òfin kankan. Ọmọdé tó fẹ́ fi iṣẹ́ àmúrelé ránṣẹ́ ní tábìlì kejì ni yóò mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀. Ti ẹni tó ń pe Ìbàdàn lórí WhatsApp láìfi nǹkan sétí, tí gbogbo ilé ìkàwé ń bá a gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀ ìdílé, ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀.

Kí a má sì da WiFi ìlú pọ̀ mọ́ ti aládùúgbò. Ní ọdún 2005, ilé-ẹjọ́ Isleworth ní ìwọ̀-oòrùn London bu owó ìtanràn £500 lé ọkùnrin kan tó ń fi kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ lo WiFi onílé láìgbàṣẹ. Communications Act ti ọdún 2003 ni wọ́n fi mú un. Ilẹ̀kùn tí onílé gbàgbé láti tì, kò fi pe àlejò.

Ti ẹni tó ń fi WiFi ìlú ṣe yàhúù le ju gbogbo èyí lọ. Ó rò pé òun ti fara pamọ́ sáàárín èrò. Àdírẹ́ẹ̀sì íntánẹ́ẹ̀tì (IP) tí yóò hàn lẹ́yìn jìbìtì rẹ̀, ti ilé ìkàwé ni, ibẹ̀ sì ni ìwádìí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Òun ti wọ bọ́ọ̀sì 177, ó ti dé Peckham. Àwa tó kù ni wọn yóò mú òfin le fún, orúkọ wa ni wọn yóò sì máa fi ojú burúkú wò lórí ìwé ìwáṣẹ́.

Nígbà tí àwọn àgbà bá ń ka ohun tó para pọ̀ di ọmọlúàbí, wọ́n máa ń ka ọpọlọ pípé mọ́ ọn. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pé ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ ààbò, ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ ìwà. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ẹni tó wọ ọkọ̀ ojúurin láti Woolwich Arsenal, tó sọ̀ kalẹ̀ ní London Bridge, tó sì ṣí WiFi ibùdókọ̀, ọ̀rọ̀ ìkórìíra sí àwọn Mùsùlùmí ló bá pàdé. Ibùdókọ̀ 19 ni ọ̀rọ̀ náà kàn káàkiri Bìrìtìkó. Telent, ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó WiFi náà fún Network Rail tó ń mójú tó àwọn ibùdókọ̀ náà, sọ pé láti inú àkáǹtì alábòójútó tó ní àṣẹ ni wọ́n ti yí ojú-ewé náà padà. Ọlọ́pàá ojúurin fura sí òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan tó ń bá wọn pèsè iṣẹ́ náà, wọ́n sì mú un. Inú ilé ni wàhálà ti jáde.

Nítorí náà, ẹ̀jẹ́ ọmọlúàbí kò lè wà lọ́rùn ẹni tó ń lo WiFi nìkan. Láti oṣù keje ọdún 2019 ni TfL, àjọ ìrìnnà London, ti ń fi àmì tí fóònù ń ta sí WiFi ní àwọn ibùdókọ̀ abẹ́ ilẹ̀ mọ ọ̀nà tí èrò ń gbà. Wọ́n gbé ìkìlọ̀ kọ́ sára ògiri, wọ́n ní àwọn ń pa ìdánimọ̀ oníkálukú rẹ́, wọ́n ní ẹni tí kò bá fẹ́ kí ó pa WiFi rẹ̀. Ó sàn ju kí wọ́n máa ṣọ́ ni níkọ̀kọ̀. Síbẹ̀, èrò mélòó ló ń ka ògiri nígbà tí ọkọ̀ ń bọ̀?

Àmì àgádágodo, níbi tó bá ti hàn lókè ojú-ewé, ń sọ pé ẹni tó jókòó tì yín kò lè ka ohun tí ẹ ń kọ. Kò sọ pé olóòótọ́ ni ẹni tí ẹ ń kọ ọ́ sí. Orúkọ WiFi náà kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, torí ẹnikẹ́ni lè sọ tirẹ̀ ní orúkọ ilé ìkàwé. Òṣìṣẹ́ tó wà nídìí tábìlì ni kí ẹ bi. Bí ó bá sì kan owó báńkì, ẹ lo dátà fóònù yín.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti gbóná jù láàárín wa ni ti eVisa, ìwé ìgbélùú orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2024 ni wọ́n kọ sára ọ̀pọ̀ BRP, káàdì ìgbélùú àtijọ́, pé yóò kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn ìyá àti bàbá tí kò lo kọ̀ǹpútà rí wá ní láti ṣí àkáǹtì lọ́dọ̀ UKVI, ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó ìwé ìwọ̀lú. Ọmọ ìjọ tàbí ọmọ àbúrò ló ń bá wọn ṣe é. Olùrànlọ́wọ́ tó fẹ́ tètè lọ yóò fi ímeèlì ara rẹ̀ àti nọ́ńbà ara rẹ̀ sí i. Láti ọjọ́ náà lọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kóòdù tí wọ́n fi ń wọlé yóò máa lọ. Kò jalè, kò purọ́, Màmá tilẹ̀ ṣàdúrà fún un. Ṣùgbọ́n ìwé ìgbélùú Màmá ti wà lápò ẹlòmíràn, bí wọ́n bá sì jà lọ́la, yóò ṣòro fún Màmá láti fi han agbanisíṣẹ́ pé òun ní ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́. Kí olùrànlọ́wọ́ bá Màmá ṣí ímeèlì ti Màmá fúnra rẹ̀. Kí Màmá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ páswọ́ọ̀dù, kí olùrànlọ́wọ́ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí kọ̀ǹpútà ilé ìkàwé bá béèrè bóyá kí òun tọ́jú páswọ́ọ̀dù náà, kí wọ́n kọ̀ fún un, kí wọ́n sì jáde kúrò nínú àkáǹtì kí wọ́n tó dìde. Bí ó bá gba odidi wákàtí kan kí Màmá tó rí ibi tí @ wà, kí ó gbà á.