Níbo Li Ọmọ Mi Yóò Sùn?

Ẹ̀yin ará, àti ẹ̀yin olùkọ́ pàápàá, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀wò nínú ìwé wa ti oṣù yìí, nítorí pé èmi fúnra mi ṣì í mú nígbà tí ó kọ́kọ́ dé ọwọ́ mi.

Obìnrin kan nínú ìjọ wa, ẹni tí ń ṣòwò obì ní Sábó ní Ṣágámù, fi ọmọkùnrin rẹ̀ sí ilé-ẹ̀kọ́ kan tí àwọn ọmọ ti ń gbé. Èmi kì yóò dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ní òpin sáà kejì, ọmọ náà padà wá sí ilé, ó ti rù, ẹ̀yìn rẹ̀ sì kún fún àpá wáyà. Àwọn ọmọ kíláàsì òkè li ó sọ ọ́ di ọmọ-ọ̀dọ̀: òun ni í pọn omi ìwẹ̀ wọn, òun ni í fọ aṣọ wọn, gaàrí rẹ̀ ni wọ́n ń mu, bí ó bá sì sùn kí wọ́n tó sùn, wọn a nà án jí.

Ìyá yìí tọ ilé-ẹ̀kọ́ náà lọ. Nígbà àkọ́kọ́, olùkọ́ kan wí fún un pé ọkùnrin li ọmọ rẹ̀, yóò gbó sí i. Nígbà kejì, wọ́n ní kí ó kọ ìwé wá. Ó kọ ìwé. A kò dá a lóhùn. Nígbà kẹta li ó bẹ̀ mí pé kí n bá òun lọ, nítorí ó rò pé bí wọ́n bá rí kọ́là ọrùn mi, wọn yóò gbọ́.

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó fún wa ní ìjókòó, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dé òpin, lẹ́yìn náà ó wí pé, “Màmá, ẹ ṣe sùúrù. Onígbàgbọ́ ni yín. Ẹ dáríjì ọmọ náà. Ọmọdé li òun náà. Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ba orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́.” Mo mi orí sí i. Èmi tí mo ti ń wàásù ìdáríjì láti ogún ọdún, kí ni ǹ bá tún ṣe? Ṣùgbọ́n obìnrin náà dáhùn pé, “Ọ̀gá, mo ti dáríjì í kí n tó wọ ọkọ̀ wá. Níbo li ọmọ mi yóò sùn li alẹ́ òní?”

Kò sí ẹnikẹ́ni nínú àwa méjèèjì tí ó rí ohun kan wí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó. Àwa ti da ohun méjì pọ̀ mọ́ ara wọn. Ìdáríjì jẹ́ ti ẹni tí a ṣẹ̀. Ẹni tí a kò nà kò ní in lọ́wọ́ láti fi fún ẹlòmíràn. Ọ̀gá kò lè fi ẹ̀yìn ọmọ ọlọ́mọ dáríjì, bẹ́ẹ̀ li ìyá pàápàá kò lè ṣe é tán fún ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ààbò jẹ́ gbèsè tí ẹni tí ó gba ọmọ sí ọwọ́ jẹ. Ó ti jẹ ẹ́ láti ọjọ́ tí ó ti gba owó ilé-ẹ̀kọ́, ìbáà ṣe pé a dáríjì, ìbáà ṣe pé a kò dáríjì. Obìnrin yìí kò béèrè ẹ̀san. Ó béèrè ibi tí ọmọ rẹ̀ yóò gbé orí lé. Nígbà tí a fi ìwàásù dá a lóhùn, a ti sọ gbèsè tiwa di ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀.

Mo mọ òbí kan tí ó lọ gbá ọmọ ọlọ́mọ létí li ẹnu ọ̀nà kíláàsì. Kì í ṣe èyí ni mo ń yìn.

Ní ti orúkọ ilé-ẹ̀kọ́, àwọn àgbà wí pé a kì í fi ọmọ ọrẹ̀ bọ ọrẹ̀. Ní December 2020, ìyá kan kígbe sí etí gbogbo ayé pé àwọn ọmọ àgbà ń jẹ ọmọ òun, ọmọ ọdún 11, ní ìyà ní Deeper Life High School ní Uyo; lẹ́yìn igbe náà li a dá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ dúró, kí a lè wádìí. Ní April 2024, fídíò ọmọbìnrin kan tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbá létí ní Lead British International School ní Abuja tàn ká. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ti ìlẹ̀kùn fún ọjọ́ mẹ́ta, mínísítà ọ̀ràn àwọn obìnrin sì lọ síbẹ̀. Ní ayé tí ọmọdé ń fi fóònù ya àwòrán, ohun tí a bò mọ́lẹ̀ ní ọ́fíìsì kì í pẹ́ dé ọjà. Òfin pẹ̀lú wà: Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ògùn sọ di tirẹ̀ ní 2006, kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti pa ọmọ lára tàbí li ọkàn.

Olùkọ́ kan bi mí pé, kí li ènìyàn kan lè ṣe láàrin ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ? Ìbéèrè rere ni. Ní òpin ọdún 1982, ní àríwá ilẹ̀ Norway, àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta pa ara wọn, a sì gbà pé ìyà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn fi ń jẹ wọ́n li ó fà á. Ní 1983 ìjọba ilẹ̀ náà dìde sí ọ̀ràn náà ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀mọ̀wé Dan Olweus sì tẹ̀lé nǹkan bí ọmọ 2,500 ní Bergen. Kì í ṣe pàṣán li a fi ṣe iṣẹ́ náà. Àgbàlagbà wà láàrin àwọn ọmọ nígbà eré. Òfin tí ó yé ọmọdé wà ní kíláàsì. A pe ẹni tí ń jẹni ní ìyà, a pe ẹni tí a ń jẹ ní ìyà, a sì pe àwọn òbí wọn. Láàrin ọdún méjì, ìyà náà dín kù tó ìdajì. Èyí tí a kò lè ṣe ní Rẹ́mọ nínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni fi hàn mí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a gbé ibùsùn ọmọ yẹn lọ sí ẹ̀bá yàrá olùkọ́. Ìyá rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀ títí ó fi rí i pé a tẹ́ ẹ. Èmi bẹ̀bẹ̀ kí n rí ọmọ tí ó nà án. Ó ga jù mí lọ. Mo bi í pé níbo li ó ti kọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ó sì dárúkọ ọmọkùnrin kan tí ó ti jáde láti ọdún mẹ́ta, ẹni tí ó máa ń fi wáyà na òun náà nígbà tí ó wà ní kíláàsì kìn-ín-ní. Mo bi í bóyá ó sọ fún àwọn olùkọ́.

Ó ní òun sọ. Wọ́n ní kí òun dáríjì í.