Ọmọ Tálákà Kì í Ṣe Àdánù

Tìbínú-tìbínú ni mo fi kúrò nínú ìpàdé onílé kan ní Ìgàndò láìpẹ́ yìí. Opó kan ń bẹ̀ wọ́n pé kí àdúgbò ran òun lọ́wọ́, kí ọmọ òun tó ń kiri píọ́ wọ́tà ní Ìkòtún lè padà síléèwé. Bàbá kan dìde, ó ní owó téèyàn bá ná sórí ọmọ ọlọ́mọ, ó rì sómi nìyẹn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Kò pẹ́ tí àwọn kan náà fi dá owó géètì tuntun àti ti ọlọ́dẹ, nítorí àwọn ọmọ ìta.

Ta ló sọ wọ́n di ọmọ ìta? Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Èèyàn lè dọ̀bálẹ̀ fágbà, kó sòótọ́, kó tẹpá mọ́ṣẹ́. Bí kò bá ní inú rere, ọmọlúàbí kọ́ ni.

Àbí a ti gbàgbé ohun tí owó tí a ná sórí ọmọ ọlọ́mọ lè ṣe? Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bu owó orí lé aráàlú nítorí ètò ẹ̀kọ́ àti ìlera, ariwo ta. Ó wà lára ohun tó mú kí ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, Action Group, fìdí rẹmi nínú ìbò ìjọba àpapọ̀ ọdún 1954. Awólọ́wọ̀ kò yẹsẹ̀. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní January 17, 1955, iye ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì kúrò ní 456,600, ó di 811,432. Bàbá mi wà lára wọn. Ọmọ àgbẹ̀ tí kò ní bàtà ni, ó di tíṣà, ó tọ́ àwọn àbúrò rẹ̀ jáde níléèwé, ó sì ń san owó orí títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ṣé owó yẹn rì sómi?

Ní Ypsilanti, l'Amẹ́ríkà, láti ọdún 1962, wọ́n yan ọmọ tálákà 123, wọ́n fi apá kan wọn síléèwé jẹ́lé-ó-sinmi, wọ́n sì ń ṣọ́ gbogbo wọn títí wọ́n fi dàgbà. James Heckman, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò èrè owó tí wọ́n ná sórí iléèwé náà: 7 sí 10 lórí 100 lọ́dọọdún. Ìwà ọ̀daràn tí àwọn ọmọ náà kò hù ló mú èyí tó pọ̀ jù wá. Ẹ̀yin olówó géètì, ṣé ẹ gbọ́?

Mo gbà pé owó wọ́n, àwọn oníjìbìtì tó ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣagbe sì wà. Ẹ wádìí nígbà náà! Ẹ fọwọ́ ara yín san owó náà fún iléèwé. Ẹ kò wádìí, ẹ kàn pàtẹ́wọ́ ni.

Ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ. Láti Ìkòtún dé Ẹ̀gbẹ́dá, igba ènìyàn kò wọ́n wa ní Alímọ̀ṣọ́. Inú rere ló wọ́n. Ẹni tí kò bá ní in, kó yé fi ọmọlúàbí pe ara rẹ̀.