Ṣé Ewé Nìkan La Wá Wò?

Tó bá di ìgbà ìwọ́wé, àwọn èèyàn á wakọ̀ gba àárín òkè Adirondack ní ìpínlẹ̀ New York. Ewé ti pọ́n wẹ̀ẹ̀. Wọ́n á ya fọ́tò létí adágún ní Lake Placid, wọ́n á yà ní Saranac Lake, ó di ilé.

Ìtòsí Lake Placid yẹn náà ni North Elba wà. Lọ́dún 1846, Gerrit Smith, olówó kan tó kórìíra ìkónilẹ́rú, bẹ̀rẹ̀ sí í pín ilẹ̀ agbègbè náà fún ọkùnrin aláwọ̀ dúdú 3,000, éékà 40 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí nìdí? Nígbà náà, aláwọ̀ dúdú tí ilẹ̀ tàbí ilé rẹ̀ kò bá tó dọ́là 250 kò lè dìbò ní New York. Òfin yìí ò kan aláwọ̀ funfun. Díẹ̀ nínú wọn lọ tẹ̀ dó síbẹ̀. Wọ́n ń pe ibùdó kan ní Timbuctoo. Òtútù mú, ilẹ̀ le, ọ̀pọ̀ ò lè dúró.

Ẹnì kan á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ìgbafẹ́ ni mo wá, ẹ má fi ìtàn bà á jẹ́." Òótọ́ ni, ara ń fẹ́ ìsinmi. Ṣùgbọ́n igi tí à ń wò fún ẹwà, ẹnì kan ti gé irú rẹ̀ rí kí wọ́n lè kà á mọ́ ọmọ ìlú. Ká gbádùn ibẹ̀, ká má mọ̀ ọ́n, gbèsè ni.

Àlejò lójú, kò fi ríran. Ìmọ̀ ò sì ní kí ewé má pọ́n. Ẹ ya fọ́tò yín, kẹ́ ẹ sì bèèrè ẹni tó ti roko níbẹ̀ rí.