Ìyá Alákàrà Pè Mí Lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án

Ẹni tí ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, òkú ni ì bá jẹ́! Ọdún méjìdínlógún rèé tí mo ti ń dúró níwájú ìjọ ní Iléṣà, tí mo ń gbọ́ ẹ̀rí ẹlẹ́rìí, tí mo ń ṣe hàlelúyà sí i. Mo mọ ẹ̀rí tó gùn jù, mo sì mọ èyí tí wọ́n bu iyọ̀ sí kó lè dùn. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ rọra sọ tèmi bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, ìtìjú inú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ìtìjú yẹn ni n ó kọ́kọ́ mú kúrò nílẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan wà nínú ìjọ wa tó ń dín àkàrà ní oríta tí kò jìnnà sílé wa. Ní aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí, bó bá ti ń po ẹ̀wà tó lọ̀, màmá yìí á fíláàṣì mi. Fóònù á dún lẹ́ẹ̀kan, á dákẹ́. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kí pásítọ̀ fi owó ara rẹ̀ pe òun padà, kó gbàdúrà sí ọjà òun. Lóṣù àkọ́kọ́, mo pè é ní ìgbàgbọ́ ńlá. Nígbà tó máa fi di ọdún kejì, ìyọlẹ́nu ni mò ń pè é. Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè ọ̀sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, mo sọ fún ìyàwó mi pé, "Màmá yìí á pa mí o! Láti òní lọ, n ó máa pa ohùn fóònù mi kí n tó sùn."

Ìyàwó mi wò mí, ó ní, "Dádì, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ wàásù lóṣù tó kọjá lórí opó tí kò jẹ́ kí adájọ́ sinmi?"

Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ó wá di alẹ́ Sátidé. Òjò bẹ̀rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́, kò sì dáwọ́ dúró. Tiransifọ́mà àdúgbò wa ti jó láti ọjọ́ Wẹ́sìdeè, kò síná, ẹja tútù tí ìyàwó mi ń tà sì wà nínú fírísà. Ẹ̀yìn ilé ìdáná, nínú gbangba, ni jẹnẹrétọ̀ wa kékeré yẹn, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní "I-better-pass-my-neighbour", máa ń wà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n òjò ń rọ̀, àwọn olè sì ti gbé ti aládùúgbò wa kan lọ lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ni mo bá gbé e wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo ṣí fèrèsé kan sílẹ̀ díẹ̀ kí èéfín lè rọ́nà jáde. Lójú mi, ọgbọ́n ni mo gbọ́n yẹn.

Bàbá àgbà ìjọ wa kan tó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ ti kìlọ̀ fún mi rí. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ má tan nǹkan yìí lábẹ́ òrùlé, kódà kó jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá." Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Bàbá, Ọlọ́run ń ṣọ́ wa." Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn.

Ohun tó dùn mí jù nìyí: ìwàásù ọjọ́ Ìsinmi ni mò ń kọ lálẹ́ yẹn, lórí Sáàmù 121, níbi tí onísáàmù ti ń sọ nípa Olùṣọ́ Ísírẹ́lì tí oorun kì í kùn. Mò ń kọ nípa Olùṣọ́, mo sì ń fọwọ́ ara mi tú májèlé sínú ilé tí ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta ń sùn sí! Nígbà tó ku díẹ̀ kí aago méjìlá lù, mo pa ìwé dé. Mo fi jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀ nítorí ẹja. Mo pa ohùn fóònù nítorí Ìyá Alákàrà. Ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé ohùn nìkan ni mo pa, n kò pa gbígbọ̀n rẹ̀. Orí tíréè oníirin tí àwọn ọmọ fi síbí àti kọ́ọ̀pù wọn sí ni mo sì ju fóònù ọ̀hún sí.

Ẹ̀yin ará, ẹ dúró síbẹ̀ yẹn díẹ̀. Tíréè! Ká ní orí bẹ́ẹ̀dì ni mo gbé e sí ńkọ́?

Láàárín òru, mo gbọ́ nǹkan tó ń ro gbaragbara nínú oorun. Mo rò pé olè ni. Ó dákẹ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Orí ń fọ́ mi bí ẹni pé wọ́n ń gún iyán nínú rẹ̀, èébì ń gbé mi, mo ní lọ́kàn ara mi pé ibà rèé. Mo fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ kọ̀. Kì í ṣe pé ó rọ̀ mí o, ẹsẹ̀ ò sí lára mi mọ́! Ariwo yẹn tún dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Sámúẹ́lì ọmọdé, ìgbà mẹ́ta péré ni wọ́n pè é kí Élì tó mọ ẹni tó ń pè. Èmi pásítọ̀ àgbà, ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án! Ìgbà kẹsàn-án ni mo yí gbirigbiri bọ́ sílẹ̀, tí mo wọ́ dé ìdí tíréè, tí ọwọ́ mi kan fóònù.

"Hẹ̀lóò! Pásítọ̀, ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run kí òjò yìí dá! Igi ìdáná mi ti rẹ o!"

Ìyá Alákàrà kò rí ìran kankan. Áńgẹ́lì kankan ò yọ sí i. Àkàrà ló fẹ́ dín! Ó sì ní lóru ọjọ́ yẹn, nítorí pé ọmọ-ọmọ òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fi káàdì sórí fóònù òun, òun kò fíláàṣì, òun jẹ́ kó máa dún lọ.

N kò lè fèsì. Mo ṣí ẹnu, ìkérora ló jáde. Mo gbọ́ tó ń pe, "Pásítọ̀? Pásítọ̀!" Fóònù bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo nawọ́ sókè, mo fa ìyàwó mi lẹ́sẹ̀, kò mira. Mo wọ́ lọ síbi tí àwọn ọmọ wà. N kò dé ẹnu ọ̀nà. Ohun tí mo gbọ́ kẹ́yìn ni jẹnẹrétọ̀ tó ń dún lọ ní tirẹ̀.

Ohun tó kù, wọ́n sọ ọ́ fún mi ni. Màmá ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin da ìró borí, ó sáré wọnú òjò. Ó gbálẹ̀kùn wa títí, kò rẹ́ni dáhùn. Ló bá lọ gbálẹ̀kùn Ààfáà tó ń gbé lódìkejì, ẹni tó ti jí, tó ń ṣe àlùwàlá. Ààfáà fi dígà já ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, èéfín sì bò ó lójú. Ó pa ẹ̀rọ náà, ó ṣí gbogbo fèrèsé, ó sì fà wá jáde lọ́kọ̀ọ̀kan sórí fàráńdà, nínú òjò tí Ìyá Alákàrà fẹ́ kó dá. Ìyàwó mi bì. Àwọn ọmọkùnrin méjèèjì wúkọ́, wọ́n bú sẹ́kún. Àbíkẹ́yìn wa obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, kò bì, kò wúkọ́, kò sunkún.

Kẹ̀kẹ́ Màrúwá ọmọ Ààfáà ló gbé wa dé ọsibítù. Wọ́n fi afẹ́fẹ́ ọ́síjìn sí gbogbo wa nímú. Dókítà ọ̀dọ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ló là mí lóye. Ó ní orúkọ gáàsì tó wà nínú èéfín ẹ̀rọ náà ni kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta èèyàn nímú, nítorí náà ẹni tó ń sùn kò ní mọ̀ pé ó wọlé. Tó bá dénú ẹ̀jẹ̀, ó máa ń so mọ́ ibi tó yẹ kí ọ́síjìn so mọ́, ó sì fi ìgbà tó lé ní igba lágbára ju ọ́síjìn lọ nídìí dídi ibẹ̀ mú. Ẹ̀fọ́rí, òòyì, èébì àti àìlera ni àmì rẹ̀, bí ibà gan-an ló ṣe máa ń rí. Ọ̀pọ̀ ló tún padà sùn lé e, tí wọn ò sì jí mọ́.

Mo bi í pé, "Ọmọ yìí ńkọ́?" Ó wolẹ̀. Ó ní ká máa wò ó ná.

Aago mẹ́fà lù. Aago mẹ́jọ lù. Aago mẹ́wàá tí ó yẹ kí n wà lórí pẹpẹ lù. Ìjọ ti gbọ́, wọ́n ti sọ ìsìn di àdúrà. Èmi ńkọ́? N kò lè gbàdúrà! Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Èmi tí mo ń gba àádọ́ta ìṣẹ́jú lórí pẹpẹ, ọ̀rọ̀ kan ò jáde lẹ́nu mi. Mo jókòó bí ère lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbùsùn, mo di ọwọ́ ọmọ tó tutù mú. Ààfáà jókòó lápá kan, tẹ̀súbáà rẹ̀ ń lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Alákàrà jókòó lápá kejì nínú aṣọ tútù, ó ń kọrin jẹ́jẹ́. Ẹ̀wà tó ti lọ̀ kan mọ́ ọn lọ́wọ́ nílé lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tí mo fẹ́ pa ohùn rẹ̀ ló ń gba àdúrà tí èmi ò lè gbà.

Aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ìka kékeré kan gbọ̀n nínú ọwọ́ mi. Ojú là. Ọmọ náà wo òkè, ó wò mí, ó ní:

"Dádì, mo fẹ́ tọ̀."

Háà! Ẹ̀yin èèyàn Ọlọ́run! Mo ti gbọ́ orin akọrin tó dùn, n kò gbọ́ orin tó tó yẹn rí! Mo jó nínú wọ́ọ̀dù ọsibítù, nọ́ọ̀sì ní kí n rọra, mo ní n kò ní rọra! Ìyàwó mi ń ké, "Ó ṣeun, Bàbá! Ó ṣeun, Bàbá!" Ààfáà ń ṣe Alihamudulilai. Ìyá Alákàrà ní tirẹ̀ ti ń wá póò tí ọmọ máa tọ̀ sí.

Ẹnìkan bi mí lẹ́yìn náà bóyá iṣẹ́ ìyanu leléyìí, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé fóònù àti ọ́síjìn ló gbà wá. Èmi tí mo wà nínú rẹ̀ mọ ohun tó jẹ́. Nílẹ̀ Iléṣà níbí, ní Òkè-Ooye, ni ìsọjí ńlá ọdún 1930 ti bẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ Àpọ́sítélì Ayọ̀ Babalọlá. Awakọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀nà ni, ìtàn rẹ̀ sì sọ pé ní 1928, ẹ̀rọ rẹ̀ kọ̀ṣẹ́ kó tó gbọ́ ìpè. Ọlọ́run dá ẹ̀rọ tirẹ̀ dúró. Tèmi, kò dá a dúró. Ó rán ìyá tí igi ìdáná rẹ̀ rẹ.

Mo sì ti padà lọ ka Bíbélì mi. Nígbà tí Sátánì mú Jésù lọ sórí ṣóńṣó tẹ́ńpìlì, Sáàmù ààbò ló fi tàn án pé kó bẹ́ sílẹ̀, pé áńgẹ́lì á gbé e. Jésù kọ̀. Èmi ò kọ̀ ní tèmi: mo gbé jẹnẹrétọ̀ wọlé, mo ní Ọlọ́run ń ṣọ́ wa. Ẹ tún wo Diutarónómì 22, ẹsẹ 8. Òrùlé pẹrẹsẹ ni wọ́n ń kọ́ nílẹ̀ Ísírẹ́lì ayé àtijọ́, wọ́n máa ń gun orí rẹ̀, Pétérù pàápàá gbàdúrà lórí rẹ̀ ní Jópà. Òfin Ọlọ́run sọ pé ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun gbọ́dọ̀ mọ ìgbátí yí òrùlé ká, kí ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá já bọ́ má baà wà lọ́rùn ilé rẹ̀. Ọdún méjìdínlógún, n kò wàásù lórí ẹsẹ yẹn rí! Mo ti wàásù lórí rẹ̀ báyìí, Ìsinmi mẹ́ta léraléra. Bàbá onímọ̀ ẹ̀rọ jókòó níwájú, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níṣojú ìjọ.

Ìyá Alákàrà ṣì ń fíláàṣì mi láago mẹ́rin àbọ̀. Mo máa ń jí dè é.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ẹ̀rí yìí, ẹ bá mi dúpẹ́. Ẹni tí tirẹ̀ ṣókùnkùn jù lónìí, má bọ́hùn, aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú tìrẹ ń bọ̀! Ṣùgbọ́n lálẹ́ òní, kí ẹ tó kúnlẹ̀ gbàdúrà àtisùn, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, ẹ lọ wo ibi tí jẹnẹrétọ̀ yín wà. Tó bá wà lábẹ́ òrùlé, tàbí tó sún mọ́ fèrèsé, ẹ pa á. Ẹ jẹ́ kí ẹja ó bàjẹ́.