Ẹni Kẹtàdínlógún: Ọ̀ṣẹ́ Òtúrá àti Òbí Tí Rọpárọsẹ̀ Kọlù

Kérésìmesì ń bọ̀, àwọn ọmọ ń múra àtilọ sílé. Nínú ilé tí rọpárọsẹ̀ ti kọlu ìyá láàárín ọdún, ìbéèrè pọ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ kí wọ́n tó wọ mọ́tò. Ṣé ká gbé Màmá wá sí Èkó ni, àbí kí gbogbo wa lọ bá wọn nílé? Ta ni yóò dáná? Wọ́n á pe ara wọn lórí fóònù, wọ́n á dáwó jọ, wọ́n á to ètò títí yóò fi parí, láìsí ẹni tó bi ìyá pé kí ni ó fẹ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ní ká yẹ odù Ifá tó ń jẹ́ Ọ̀ṣẹ́ Òtúrá wò. Ifá sọ nínú odù yìí pé nígbà tí àwọn irúnmọlẹ̀ ń ti ọ̀run bọ̀ wá sáyé, ọkùnrin mẹ́rìndínlógún ni wọ́n, Ọ̀ṣun sì ṣe ìkẹtàdínlógún wọn, òun nìkan ni obìnrin. Wọ́n dé ayé, wọ́n la igbó awo, wọ́n ń gbìmọ̀, wọ́n ń rúbọ, ṣùgbọ́n wọn kò ké sí Ọ̀ṣun. Gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé kò gún. Nígbà tó sú wọn, wọ́n padà tọ Olódùmarè lọ, ó sì bi wọ́n léèrè obìnrin tó wà láàárín wọn. Ìgbà tí wọ́n lọ bẹ Ọ̀ṣun ni nǹkan tó yí padà. Ọmọkùnrin tí ó bí lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀ náà ni Ọ̀ṣẹ́túrá, ẹni tó ń gbé ẹbọ dé ọ̀run.

Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Kì í ṣe pé àwọn mẹ́rìndínlógún yẹn kò ṣiṣẹ́. Wọ́n ṣe é kíkankíkan. Ibi tí wọ́n ti ṣì í ni pé wọ́n ka ẹnì kan sí ẹni tí kò sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọmọ rere ṣe ń ṣe ìyá tí ara rẹ̀ kò dá.

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé apá kan ọpọlọ, yálà iṣan dí tàbí iṣan bẹ́, ni rọpárọsẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ apá òsì ọpọlọ ló kàn, ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ló máa ń rọ, ọ̀rọ̀ sì lè há sí aláìsàn lẹ́nu. Ó lè fẹ́ pe omi kó pe iyọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu tó há kò sọ pé làákàyè ti lọ. Ìyá jókòó sí pálọ̀, àwọn ọmọ ń bi ara wọn lórí rẹ̀ pé, “Ṣé wọ́n ti jẹun? Ṣé wọ́n ti lo oògùn?” Etí rẹ̀ ń gbọ́ ọ.

Kí ẹ ké sí i. Ẹ jókòó níwájú rẹ̀, ẹ yí tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀, kí ẹnì kan ṣoṣo máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan: “Ẹ̀yin Mọ́mì, ṣé iyán ni ká gún?” Kí ẹ wá dúró. Ẹ má bá a parí ọ̀rọ̀. Bó bá mi orí, ó ti dáhùn. Ẹ gbé àga rẹ̀ sí ibi tí wọ́n ti ń já ẹ̀fọ́, kí ẹ gbé atẹ́ sí ìhà ọwọ́ rẹ̀ tí kò rọ. Kó já ewé márùn-ún péré, ó ti bá wọn dáná ọdún. Bó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ dín iyọ̀ gbogbo ìkòkò ọbẹ̀ kù, kó má bàa jẹ́ òun nìkan ni wọ́n ń se tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bó bá ń jẹun, kó jókòó gbọnrangandan, kí òkèlè rẹ̀ kéré. Bí ó bá ń húkọ́ lórí oúnjẹ, ẹ dúró, kí ẹ sì sọ fún dókítà. Ẹ má fi apá tó rọ yẹn fà á dìde, èjìká lè yẹ̀. Bí èrò bá ti pọ̀ jù, kó lọ sinmi.

Mọ̀lẹ́bí kan lè ní ayé ló ń ṣe ìyá, pé kí ìyá sọ oògùn dókítà sílẹ̀. Ẹ má gbà fún un. Kò sí ohun tó ní kí ẹni tó ń rúbọ má lo oògùn. Bí ẹnu bá ṣàdédé wọ́, tí apá kan rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́, ọsibítù ni kí ẹ sáré gbà lọ lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ àárọ̀ ọjọ́ ọdún.

Ẹlòmíràn tún wà tí a kì í pè: ọmọ tó ń bá ìyá gbé, tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń gbé e lọ sí ilé ìyàgbẹ́ láti oṣù dé oṣù. Àlejò ọdún á dé, wọ́n á máa pàṣẹ fún un. Kàkà bẹ́ẹ̀, ẹ ní kó lọ sùn, kí ẹ bọ́ sí iṣẹ́ náà fúnra yín.

Kí àwọn tó wá láti Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù tó padà, kí wọ́n pín oṣù tó ń bọ̀ láàárín ara wọn: ta ni yóò máa ra oògùn, ta ni yóò máa gba iṣẹ́ ìtọ́jú lọ́wọ́ ọmọ tó wà nílé. Kí wọ́n ṣe ìpàdé náà níwájú ìyá, kí wọ́n sì gbọ́ tirẹ̀ kí wọ́n tó dìde. Èyí tí wọ́n bá ṣe lẹ́yìn rẹ̀, Ifá ti ní kò ní gún.