ỌTÍ ÀTI ẸNI TÓ WỌ AṢỌ FUNFUN

Bíbélì kíkà: Léfítíkù 10:8–11, Jeremáyà 35, 1 Tímótì 5:23



Ìbéèrè kan ń lọ láàárín wa, pàápàá níbi òkú àti ìkómọ: ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí onígbàgbọ́ mu ọtí? Àwọn kan á ní, "Ṣebí Jésù sọ omi di wáìnì ní Kánà! Ṣebí Pọ́ọ̀lù ní kí Tímótì mu díẹ̀!" Òótọ́ ni, ó wà nínú Bíbélì, a kò sì gbọdọ̀ fi í pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kà á dáadáa.

Pọ́ọ̀lù ní kí Tímótì má ṣe mu omi nìkan mọ́, kí ó lo wáìnì díẹ̀ nítorí àìsàn inú. Ẹ gbọ́ o: bí wọ́n bá sọ fún ènìyàn pé kó má mu omi nìkan mọ́, a jẹ́ pé omi nìkan ló ń mu tẹ́lẹ̀. Bí oògùn ni wọ́n fún un. Àwa ńkọ́? Inú ta ló ń run ún níbi òkú? Àti pé èso àjàrà ni wáìnì ayé ìgbà náà. Sódábì tiwa yìí, ẹmu tí a gbé kaná ni, tí a gba ooru rẹ̀ tó di omi. Ó le ju ẹmu lọ púpọ̀púpọ̀. Ẹni tó bá fi sódábì wé wáìnì Tímótì, ara rẹ̀ ló ń tàn jẹ.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tèmi. Mo ti di àgbà ìjọ nígbà náà. A lọ bá àwọn àna mi sin òkú, wọ́n gbé ife sódábì kékeré fún mi. Wọ́n ní, "Àna wa, ẹ kàn tọ́ ọ wò, kí ẹ má bàa kẹ́gàn òkú wa." Mo tọ́ ọ wò. Mo tún gba èkejì. N kò yó, ẹsẹ̀ mi kò yẹ̀.

Ní òru ọjọ́ náà, obìnrin kan nínú ìjọ wa gbé ọmọ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà mi. Ara ọmọ gbóná janjan, gìrì ti mú un. "Bàbá, ẹ dìde, ẹ wá gbàdúrà fún mi!" Mo na ọwọ́ sí sùtánà, n kò lè mú un. Òórùn sódábì ṣì wà lẹ́nu mi. Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn bí olè, mo ní kí ìyàwó mi sọ pé ara mi kò yá. Àgbà mìíràn ló gbàdúrà, wọ́n sì gbé ọmọ lọ sí ọsibítù. Ọlọ́run dá a sí. Àwọn bàbá wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà nílé, orí ọmọ wọ́, n kò lè jáde.

Láti òru yẹn ni mo ti mọ ìdí tí Olúwa fi kìlọ̀ fún Áárónì, lẹ́yìn ikú Nádábù àti Ábíhù, pé kí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ má mu ọtí wọ inú àgọ́ ìpàdé, kí wọ́n lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun mímọ́ àti àìmọ́. Àwọn mọ àkókò tí wọn yóò wọlé. Àwa kò mọ àkókò tiwa. Ìgbàkigbà ni wọ́n lè kàn wá lẹ́kùn.

Ìjọ wa tí Wòlíì Oshoffa dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní ọdún 1947 ní òfin: ọmọ ìjọ kò gbọdọ̀ mu ọtí, kò gbọdọ̀ fa sìgá. Ẹ rántí àwọn ọmọ Rékábù. Jeremáyà gbé wáìnì ka iwájú wọn nínú ilé Olúwa, wọn kò mu ún, nítorí àṣẹ bàbá wọn. Olúwa sì yìn wọ́n. A kò dá ìjọ mìíràn lẹ́jọ́. Ohun tí wọ́n fi lé wa lọ́wọ́ ni a ó pa mọ́.

Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé ife fún yín, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì béèrè omi. Ẹni tí ọtí ti sọ di ẹrú láàárín wa, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má lé e. Ẹ mú un wá, kí a jọ gbàdúrà.

Jèhófà, fọ ẹnu wa mọ́, kí ó lè yẹ fún àdúrà ní ọ̀sán àti ní òru. Lórúkọ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.

Ẹ jẹ́ kí a ké Halelúyà méje.