Ẹni Tí Yóò Rí Ìfun Èèrà ní Köln

Àwọn àgbà ní ojú àlejò tóbi, ṣùgbọ́n kì í fi ríran. Ẹ wo tọkọtaya tó sọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Köln, lórílẹ̀-èdè Jámánì, láàárọ̀, tí wọ́n fẹ́ kúrò níbẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Ọkọ ń ya fọ́tò lọ níwájú, ìyàwó ń sá tẹ̀ lé e nínú bàtà tó ń ta á lẹ́sẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Ìgbafẹ́ ẹni méjì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá ló yẹ kó ṣíwájú.

Téèyàn bá ti jáde ní ibùdókọ̀ ojú irin náà báyìí, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí wọ́n ń pè ní Dom ló máa kọ́kọ́ rí, ó ga fíofío, mítà 157. Ọdún 1248 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ dáwọ́ dúró ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, wọn ò padà sí i àfi ní 1842. Ó di 1880 kí wọ́n tó parí rẹ̀. Ní gbogbo àkókò tí iṣẹ́ fi dáwọ́ dúró, ẹ̀rọ onígi tí wọ́n fi ń fa òkúta gòkè ṣì wà lórí ilé ìṣọ́ tí wọn ò tíì kọ́ tán, ọmọ ń bá a níbẹ̀, ọmọ-ọmọ ń bá a níbẹ̀. Ilé tó gba ọdún 632, ṣé ìṣẹ́jú mẹ́wàá la ó fi wò ó?

Àtẹ̀gùn 533 ló gun ilé ìṣọ́ ọwọ́ gúúsù. Bí orúnkún ẹnì kan kò bá gbà, kí ẹnì kejì máa gùn ún lọ, kó má sì fi ẹni tó jókòó ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó jókòó kò pàdánù. Fèrèsé tí Gerhard Richter ṣe ní 2007 wà lápá gúúsù nínú ilé, gíláàsì kéékèèké tó lé ní 11,000, oríṣi àwọ̀ 72. Bí oòrùn bá gbà á kọjá, ara òkúta á kún fún àwọ̀. Ẹni tó fara balẹ̀ ló ń rí ìfun inú èèrà; wákàtí kan níbẹ̀ kò pọ̀ jù.

Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn. Bíà ìlú yìí, Kölsch, inú gíláàsì tínínrín ni wọ́n ń bù ú sí. Bó bá ti tán, agbọ́tí á gbé òmíràn kalẹ̀ láì béèrè, á fi pẹ́ńsù fa ìlà sára páálí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bó bá tó yín, ẹ fi páálí yẹn bo ẹnu gíláàsì. Ìyàwó tó mọ èyí ti gba ọkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Lórí afárá Hohenzollern, àwọn olólùfẹ́ ń fi àgádágodo kọ́ ara irin, wọ́n ń ju kọ́kọ́rọ́ sódò Rhine. Èmi ò rí iṣẹ́ tí àgádágodo ń ṣe nínú ìfẹ́, àmọ́ ẹ rìn ín kọjá, ẹ máa ka orúkọ tó wà lára wọn.

Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ ra búrẹ́dì ní Sátidé, kí ẹni tó yẹ kó rà á má baà dìjà láàárọ̀. Bí ẹ bá gbàgbé, àwọn tó wà nínú ibùdókọ̀ ojú irin ṣì ń tà.